Wáyà Tó Gba Orí Ògiri Kọjá

“Bámikẹ́, ṣé o wà ńlé?”

Ẹ̀yìn ògiri ni ohùn náà ti wá. Bámikẹ́ dáwọ́ ilẹ̀ tó ń gbá dúró, ó tẹ́tí sílẹ̀. Láti ìgbà tí òun àti bàbá rẹ̀ ti kó wá sí ilé tuntun yìí ní ìparí ìlú Ìlaròó, kò tíì sí ẹnì kan tó dúró níta pe orúkọ rẹ̀. Atẹ́gùn nìkan ló máa ń ti ilẹ̀kùn wọn.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Bánjí. Èmi tí mo ń gẹrun níwájú ilé kejì.”

“Ta ló sọ orúkọ mi fún ẹ?”

“Bàbá ẹ ni. Ṣebí àràárọ̀ ni wọ́n ń pariwo ẹ̀. ‘Bámikẹ́, pa gílóòbù bálùwẹ̀. Bámikẹ́, ṣé o ti yọ áyọ́ọ̀nù?’ Kódà àwọn ewúrẹ́ àdúgbò yìí ti mọ orúkọ ẹ.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bámikẹ́ kó tó mọ̀. Ẹ̀rín náà ṣe àjèjì létí òun fúnra rẹ̀ nínú ilé tó ṣófo yẹn. Ó gun búlọ́ọ̀kù kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó yọjú. Ọmọkùnrin tó rí níhà kejì ga, awọ ara rẹ̀ dúdú ó sì ń dán, èjí wà láàárín eyín iwájú rẹ̀. Ó gbé kílípà ìgẹrun lé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn wá bá nọ́ọ̀sì.

“Jọ̀ọ́, bá mi ṣájì ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ mi ò rí epo mu. Àwọn ará bọ́dà ti fa gbogbo ilé epo Ìlaròó gbẹ.”

Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà pa, tí wọ́n tún wá ní kí àwọn ilé epo tó sún mọ́ ẹnubodè má ṣe ta epo mọ́, ni àwọn ará Owódé àti Ìdí-Ìrókò ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá tò sí Ìlaròó. Ní ti ilé tí Bánjí ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, onílé wọn àti iléeṣẹ́ iná ti ń fa ọ̀rọ̀ tipẹ́, wọ́n sì ti gé iná wọn láti ìgbà òjò.

Bámikẹ́ na ọwọ́ gba kílípà náà. Ìka wọn kan ara wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ nígbà tó sọ̀kalẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù, àyà rẹ̀ ń lù kìkì bí ẹni tó sáré dé láti ọjà. Ó ki kílípà bọ iná ilé ìdáná, ó sì jókòó tì í, ó ń wo iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ibi tí Bámikẹ́ ti dàgbà ni yóò lóye ohun tó ń ṣe é. Agboolé ńlá kan ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó ni, níbi tí ènìyàn kò ti lè sín láìjẹ́ pé ẹni márùn-ún kí i. Lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, ẹni tí iná ilé rẹ̀ bá wà á ju wáyà sí ẹni tí tirẹ̀ bá lọ. Ojú fèrèsé màmá àgbà nìkan, wáyà tó ń gbabẹ̀ jáde pọ̀ bí okùn ìsáṣọ, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ẹni tó ń san án. Ẹni tó bá lóun ò fúnni níná, ahun ni wọn á máa pè é títí ayé. Wọ́n wá mú ọmọ tó ti inú ariwo bẹ́ẹ̀ wá, wọ́n fi í sí ilé oníyàrá mẹ́ta tí kò sí ju òun àti bàbá rẹ̀ lọ níbẹ̀. Bàbá náà kì í sì í tètè dé.

Ọ̀gbẹ́ni Kọ́mọláfẹ́, bàbá rẹ̀, jẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlaròó. Tó bá ṣíwọ́ níbẹ̀, á tún wọ mọ́tò lọ sí Ayétòrò lọ kọ́ àwọn tó fẹ́ tún ìdánwò ṣe. Tó bá fi máa dé, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé oúnjẹ gan-an, ojú oorun ló fi ń jẹ ẹ́. Ìyá Bámikẹ́, Olúfúnmilọ́lá, ṣì wà ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó. Aṣọ ló ń rà ní Àjàṣẹ́, ní òdì kejì bọ́dà, tó ń tà lápá ibí. Nígbà tí bọ́dà tì, ẹrù rẹ̀ há sọ́hùn-ún, òwò sì dákẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n kó dé ni bàbá rẹ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tó ṣàlàyé bí ilé náà ṣe jẹ́ fún un.

“Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ wa ló yá mi lówó ilé yìí. Apá méjì ni ẹ̀yáwó náà. Apá kìíní la fi ra ilé. Apá kejì, ti àwọn nǹkan tí kò ní jẹ́ kí ilé máa jẹ iná ni: sólà lórí òrùlé, fíríṣà tí iná díẹ̀ tó, sílìn tó ń dá ooru dúró. Èlé tiẹ̀ kéré púpọ̀.”

“Kí ló dé tí wọn ò kó méjèèjì fún yín lẹ́ẹ̀kan náà, Bàbá?”

“Wọ́n ní owó oṣù mi ò lè gbé méjèèjì. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mítà ti wọlé. Èmi ni mo fowó ara mi ra mítà tuntun yẹn. Iléeṣẹ́ iná ní àwọn á máa dá owó ẹ̀ padà fún mi díẹ̀díẹ̀, yúníìtì ni wọ́n á sì fi máa dá a padà. Ṣó o rí i? Nígbà tí mi ò bá san owó iná mọ́, owó yẹn ni màá fi máa san apá kejì. Mo so méjèèjì pọ̀. Ẹgbẹ́ ti gbà, àmọ́ wọ́n ní kí iléeṣẹ́ iná kọ́kọ́ yẹ ilé wò, kí wọ́n jẹ́rìí pé àwa nìkan là ń lo iná orí mítà wa.”

“Ìgbà wo wá ni Màmá ń bọ̀?”

Bàbá rẹ̀ gbé ojú sókè, ó nàka sí òrùlé. “Ọjọ́ tí sólà bá gun ibẹ̀. Ìyá ẹ ní òun ò ní wá káwọ́ gbera nínú ilé tí mo ń fi gbogbo agbára san. Fíríṣà yẹn ló máa fi bẹ̀rẹ̀ òwò ẹja kòtẹ̀. Ọjọ́ tó bá ti rí ibi kó ẹja sí, ọjọ́ yẹn ló ń bọ̀.”

Láti ọjọ́ náà ni iná ti di nǹkan ńlá nínú ilé wọn. Bàbá rẹ̀ yọ gbogbo gílóòbù àtijọ́, ó fi àwọn funfun tí kì í jẹ iná sí i. Ó kun yàrá tí ìyá Bámikẹ́ yóò máa gbé, ó fúnra rẹ̀ kùn ún, àwọ̀ ewé ọsàn tí ìyá náà fẹ́ràn. Nírọ̀lẹ́, ìyá á pè lórí fóònù.

“Bọ́nsùwá, màdámù onílé,” lá wí, bó ṣe máa ń fi èdè Faransé kí àwọn tó ń ta aṣọ fún un lápá ọ̀hún. “Àṣìkẹ́ mi, ṣé ò ń jẹun?” Àṣìkẹ́ ni oríkì Bámikẹ́, ìyá rẹ̀ nìkan ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

“Mò ń jẹun, Màmá.”

“Ṣé kò sí nǹkan?”

“Kò sí nǹkan.”

Nǹkan wà. Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé ìdákẹ́jẹ́ ilé ń dun òun bí eyín? Bámikẹ́ á gbé fóònù sílẹ̀, á mú ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìfẹ́ tó ń yá nílé ẹ̀kọ́, á kà á títí ojú rẹ̀ á fi rí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Bánjí wá sí ẹ̀bá ògiri lọ́jọ́ kejì, ó tún wá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Kílípà ló kọ́kọ́ ń gbé wá, lẹ́yìn náà ó tún gbé fóònù rẹ̀ wá. Nígbà tó yá, kò gbé nǹkan kan wá mọ́, ó kàn wá sọ̀rọ̀ ni. Á fi apá lé orí ògiri, á sọ ìtàn àwọn tó wá gẹrun: ọkùnrin kan tó ní kó gẹ irun òun bíi ti ọmọ ogún ọdún, tí kò sì ju ìdì irun mélòó kan lọ létí. Bámikẹ́ á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ara tó bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́. Tó bá gbọ́ tí ẹnì kan ń súfèé lẹ́yìn ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ a kúrò nílẹ̀ kó tó mọ̀.

Ọjọ́ kan ni Bánjí wá béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

“Mo ní wáyà gígùn kan. Tó o bá kì í bọ iná yín láràárọ̀ kó o tó lọ sílé ẹ̀kọ́, mi ò ní máa yọ ẹ́ lẹ́nu mọ́.”

“Bàbá mi ò ní gbà.”

“Wọ́n á ti lọ síbi iṣẹ́ nígbà yẹn. Tó o bá dé lọ́sàn-án, o máa yọ ọ́, wàá jù ú padà sí mi. Kílípà lásán ni, Bámikẹ́. Mélòó ló fẹ́ jẹ? Ojú ẹ nìkan tó tan iná fún gbogbo àdúgbò yìí.”

“Ṣé o rí i? Fi ojú mi gẹrun nígbà náà, kí lo fẹ́ fi wáyà ṣe?”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rín tán, Bánjí kò kúrò níbẹ̀. Ó ń wò ó. Bámikẹ́ rántí ojú fèrèsé màmá àgbà àti gbogbo wáyà ibẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí ẹni tó ń fi iná du aládùúgbò. Ohun tí bàbá rẹ̀ sọ nípa mítà náà wá sọ́kàn rẹ̀, kò sì dúró gbọ́ ọ parí.

“Jù ú wá,” ló wí.

Bẹ́ẹ̀ ni wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí ògiri kọjá. Lójoojúmọ́ tí bàbá rẹ̀ bá ti jáde, Bámikẹ́ á fà á wọlé láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, á kì í bọ iná, kó tó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Tó bá dé, á yọ ọ́, á sì jù ú padà. Bánjí á ti dúró níbẹ̀. “Ẹ̀ṣọ́ ilé mi,” lá pè é, orí Bámikẹ́ á wú.

Kò pẹ́ tí yúníìtì fi bẹ̀rẹ̀ sí í tètè tán. Bàbá rẹ̀ dúró níwájú mítà, ó ń wò ó títí.

“Iná yìí ń sá. Kí là ń ṣe tá a kì í ṣe tẹ́lẹ̀?”

“Bóyá áyọ́ọ̀nù ni, Bàbá.”

Ọ̀rọ̀ náà kàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ kejì ni bàbá rẹ̀ ti ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí a kò lọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó pa fáànù yàrá rẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀ bó ṣe ń máàkì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bámikẹ́ á gbọ́ ìró abẹ̀bẹ̀ yẹn láti yàrá tirẹ̀, á fi ìrọ̀rí bo etí.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n tètè jáde nílé ẹ̀kọ́, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Bánjí kọjá. Ohun tó rí dá a dúró. Lórí pákó gígùn kan, fóònù tò lọ rẹrẹ bí ẹja lórí ìsọ̀, oníkálùkù pẹ̀lú bébà tí wọ́n kọ orúkọ sí lára. Obìnrin kan ń sanwó fún Bánjí, ó ń mú tirẹ̀. Fáànù ńlá kan ń fẹ́ sórí àwọn tó ń dúró, rédíò ń ké.

“Bánjí, o ní kílípà ni.”

Ó fà á kúrò lójú àwọn èèyàn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọ̀rẹ́ ni gbogbo wọn. Ṣé kí n lé wọn ni? Wo bí ojú ẹ ṣe rí. Má bínú, ẹ̀ṣọ́ ilé mi. Tí mo bá rówó jọ, ìwọ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ra nǹkan fún.”

Kò ra nǹkan kan. Bámikẹ́ náà kò sì yọ wáyà. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ohun tí òun ń ṣe kò dára mọ́. Àmọ́ ó ro bí ilé náà ṣe rí kí ẹnì kan tó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ẹ̀rù sì bà á.

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni obìnrin iléeṣẹ́ iná dé. Azeezat lorúkọ rẹ̀. Ó fi ìbòrí wé orí dáadáa, ó wọ bàtà aláwọ tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì yá. Bàbá Bámikẹ́ ti wọ aṣọ tó dára, ó ti gbé àga sílẹ̀ dè é bí ẹni tó ń retí àna.

“Ẹ kú ilé o, sà. Èmi ni wọ́n rán wá wo mítà yín.”

“Ẹ káàbọ̀, ìyá mi. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ká fún yín lómi.”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó sà, kí omi má lọ di rìbá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tẹ mítà, ó wò ó, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Ilé yín ò jẹ iná lálẹ́ rárá. Ó dára gan-an ni. Àmọ́ lọ́sàn-án, láàárín ọ̀sẹ̀, kí lẹ̀ ń lò?”

“Lọ́sàn-án? Kò sí ẹ̀dá kankan nílé lọ́sàn-án.”

“Iná ń lọ, sà. Ó sì ń lọ dáadáa. Mítà ò mọ irọ́ pa.”

“Èmi náà ò mọ̀ ọ́n pa.”

Azeezat wò ó, ó mi kanlẹ̀. “Mi ò sọ pé ẹ purọ́. Ẹ gbọ́ mi. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ń fa wáyà lọ́dọ̀ yín, ẹ sọ fún mi báyìí. Màá ní kẹ́ ẹ yọ ọ́, màá padà wá wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Àmọ́ tí mo bá kúrò níbí láìmọ ibi tí iná yìí ń lọ, mi ò lè jẹ́rìí sí ilé yín. Orúkọ yín á bọ́ sí ẹ̀yìn nìyẹn.”

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Bámikẹ́, ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ dé. Ṣé o mọ nǹkan kan nípa ẹ̀?”

Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni súfèé gba ẹ̀yìn ògiri kọjá. Bánjí ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bámikẹ́ gbọ́ súfèé náà bí ẹni pé inú egungun rẹ̀ ló ti ń dún. Tó bá sọ̀rọ̀, kò tún ní gbọ́ ọ mọ́. Kò tún ní sí ẹni tí yóò fi apá lé orí ògiri. Ilé náà á tún dákẹ́.

“Rárá, Bàbá,” ló wí. “Mi ò mọ nǹkan kan.”

Azeezat kò mu omi tí wọ́n gbé wá. Ó kí wọn, ó lọ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bàbá rẹ̀ pe oníṣẹ́ iná kan. Ọkùnrin náà ní ó ṣeé ṣe kí wáyà kan wà nínú ògiri tí ẹni tó kọ́ ilé fi pamọ́. Wọ́n mú òòlù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ògiri láti ẹnu ọ̀nà dé inú yàrá tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé ọsàn. Eruku bo bẹ́ẹ̀dì tí ìyá rẹ̀ kò tíì sùn lé rí. Wọn kò rí nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ wá jókòó sórí ilẹ̀ láàárín èérún símẹ́ńtì, ó gbé fóònù sí etí, ó ń bá Ọ̀gbẹ́ni Ògúnníyì tó ta ilé fún wọn sọ̀rọ̀.

“Alàgbà, mo fọkàn tán yín. Ẹ jẹ́ kí n mọ ẹni tẹ́ ẹ fa iná ilé yìí fún kẹ́ ẹ tó tà á... Ẹ má búra fún mi, sà. Ẹ má búra. Iná ò lè dédé máa lọ. Tí ẹ ò bá fẹ́ sọ ọ́ fún mi, ẹ óò sọ ọ́ fún ọlọ́pàá lọ́la.”

Bámikẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń gbọ́ ohùn bàbá arúgbó yẹn tó ń gbọ̀n nínú fóònù, tó ń fi ọmọ rẹ̀ búra.

“Bàbá, ẹ gbé e sílẹ̀,” ló wí. “Èmi ni.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti kílípà, ti wáyà, ti fóònù tó tò lórí pákó, àti bí òun ṣe gbọ́ súfèé nígbà tí Azeezat ń béèrè. Ó ń retí ìgbájú. Bàbá rẹ̀ kò gbé ọwọ́ sókè. Ó kọ́kọ́ bẹ Ọ̀gbẹ́ni Ògúnníyì títí, ó ń pe ara rẹ̀ ní aláìmọ̀kan, lẹ́yìn náà ló gbé fóònù sílẹ̀.

“O rí i tí mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra,” ló wí.

“Mo rí i, sà.”

“O sì ń kì í bọ iná láràárọ̀.”

Bámikẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èérún símẹ́ńtì jọ.

“Kí ló dé, Bámikẹ́? Kí ni ọmọkùnrin yẹn fún ẹ?”

“Ó máa ń bá mi sọ̀rọ̀.”

Bàbá rẹ̀ wo ògiri tó ti fọ́, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí eruku bò. Nígbà tó yá, ó ní, “Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Ẹ kì í sí nílé, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá sì dé, ẹ ti sùn.”

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni bàbá rẹ̀ lọ sí iléeṣẹ́ iná. Azeezat gbọ́ àlàyé rẹ̀, ó dùn ún, àmọ́ ó ti jíṣẹ́ tí wọ́n rán an. Wọ́n ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bọ́ sí ẹ̀yìn á dúró de ìgbà tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Nígbà tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ gbọ́ pé yúníìtì kò tíì ní máa wọlé, wọ́n gbé apá kejì ẹ̀yáwó náà fún ẹlòmíràn tó ti wà ní sẹpẹ́. Kò sí ẹni tó bínú sí wọn. Wọ́n kàn ní, “Ó di ọdún tó ń bọ̀.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bánjí yọjú lórí ògiri. Bámikẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́.

“Ó mà ṣe o,” Bánjí wí. Ó fọwọ́ ra orí. “Ṣùgbọ́n wọ́n ti wá, wọ́n ti lọ báyìí, àbí? Ṣé kò sí bó o ṣe lè máa kì í fún mi fún wákàtí kan lásán, láàárọ̀?”

Bámikẹ́ wo èjí tó wà láàárín eyín rẹ̀. Ó ṣì rẹwà. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn. Ó ká wáyà náà lọ́wọ́ títí ó fi tán, ó gbé e lé orí ògiri.

“Wáyà ẹ nìyí, Bánjí.”

Ó dúró bóyá á tún sọ nǹkan. Bánjí gbé wáyà rẹ̀, ó lọ. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Bámikẹ́ fi rí wáyà yẹn tó gba orí ògiri ilé mìíràn lápá ìsàlẹ̀ àdúgbò. Súfèé náà ti ń dún lọ́hùn-ún.

“Ìwọ lo máa sọ fún ìyá ẹ,” bàbá Bámikẹ́ wí. “Mi ò ní bá ẹ sọ ọ́ lórí fóònù. A jọ ń lọ.”

Wọ́n wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Ìfọ̀nyìntẹ̀dó ní Sátidé. Wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró lọ́nà léraléra. Kọ́sítọ́ọ̀mù á ní kí gbogbo èèyàn bọ́ sílẹ̀, sójà náà á ní kí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Obìnrin kan lẹ́yìn ọkọ̀ ń ráhùn. “Gààrí mi ni wọ́n ní kí n tú wò o. Wọ́n rò pé ìrẹsì ti ń wọ aṣọ gààrí.” Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Bámikẹ́ kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́kàn rẹ̀, kò sí èyí tó dára nínú gbogbo rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà agboolé, ó ń pariwo. “Àṣìkẹ́ mi. Ẹ̀yin onílé, ẹ ti wá kó mi ni? Ẹ ò tiẹ̀ sọ pé lónìí ni.”

Ó fà á wọ yàrá. Bámikẹ́ dúró síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti palẹ̀ mọ́. Ìkòkò ti wọ inú ara wọn, ó ti fi aṣọ àlòkù dí àárín wọn kí wọ́n má baà fọ́. Àwọn abọ́ ti wà nínú páálí. Ẹní ti ká. Ilẹ̀ yàrá náà mọ́ bíi ti ẹni tó ti kúrò níbẹ̀.

“Mo ní kí n ti múra sílẹ̀,” ìyá rẹ̀ wí, ojú rẹ̀ ń dán. “Mo ti sọ fún oníkòtẹ̀ kan ní Owódé.”

Bámikẹ́ kúnlẹ̀ láàárín àwọn páálí náà, ó sì sọ ọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò lọ́nà ti sá lọ. Ó kàn sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láti ọjọ́ kílípà dé ọjọ́ tó ní “Rárá, Bàbá.”

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí ẹní tó ti ká. Ohùn rẹ̀ kò le.

“Pé o fún aládùúgbò níná kọ́ ló dùn mí. Inú agboolé yìí lo ti rí i, ọwọ́ ìyá mi lo ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n màmá àgbà, tiwọn ni wọ́n ń fún èèyàn, ojú gbogbo wa ni wọ́n sì ti ń fún un. Ìwọ, ti gbogbo wa lo fún un, ní kọ̀rọ̀. Wọ́n wá bi ọ́, ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá tún un ṣe, o panu mọ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ilé yẹn ń dákẹ́ jù. Ẹ̀yin ni mo ń wá.”

“Mo mọ̀. Èmi lò ń wá, o sì fi ọwọ́ ara ẹ tì mí sẹ́yìn.” Ó nu ojú ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró rẹ̀. “Gbọ́ mi, Àṣìkẹ́. Nígbà tí mo bá bi ọ́ pé ṣé kò sí nǹkan, má sọ pé kò sí mọ́. Tí ilé bá ń dákẹ́ jù, fi ẹkún pè mí. Mo fẹ́ kí n máa gbọ́ ẹkún ẹ lórí fóònù ju kí n máa tú ẹrù yìí lọ.”

Ó dìde, ó tú okùn páálí àkọ́kọ́. Bámikẹ́ kò jẹ́ kó ṣe é. Ó mú ìkòkò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yọ aṣọ àlòkù kúrò nínú wọn, ó ń tò wọ́n padà sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ó tẹ́ ẹní. Ó to abọ́. Ìyá rẹ̀ dúró sẹ́bàá fèrèsé, ó ń wo ìta. Kò sí ẹni tó sọ fún Bámikẹ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà kọ́ ọ. Bó ṣe ń gbé ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ló ń yé e: ẹni tó bá fẹ́ràn wa kò ní ní ká fi ohun àwọn ènìyàn wa ra òun, ìdánìkanwà sì jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a sọ fún ẹni tó ni wá, kó tó di pé a fi pamọ́ sẹ́yìn irọ́. Ó yé e kedere. Ṣùgbọ́n ìkòkò ti padà sí àyè wọn.

Nígbà tí ọkọ̀ gbé wọn kúrò ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, ìyá rẹ̀ ń juwọ́ lẹ́bàá ọ̀nà títí eruku fi bò ó. Bàbá rẹ̀ sún mọ́ ọn lórí ìjókòó.

“Ayétòrò yẹn,” ló wí, “mo ti sọ fún wọn pé ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni màá máa wá.” Ó fọwọ́ gbá eruku kúrò léjìká ọmọ rẹ̀. “Ó dáa. Sọ fún mi. Kí lẹ kọ́ nílé ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀ yìí?”

Bámikẹ́ fi orí ti èjìká rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un.